Ipasẹ̀ àti Ẹlẹ́sẹ̀: Ṣé a lè fi ohun tí ojú kò rí dájọ́?

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, a sì máa ń lò ó nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ kí a gba ohun tó gbọ́ bí ẹni pé ó rí i. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó wọ igbó lówùúrọ̀ kì í dúró kí ẹran wá yọjú síwájú rẹ̀ kí ó tó gbà pé ẹran wà níbẹ̀. Koríko tó tẹ̀, ìgbẹ́ tí kò tíì gbẹ, irun tó há sára ẹ̀gún, ìwọ̀nyí ni ó fi ń mọ̀. A jẹ́ pé láàárín ìròyìn àti àfojúbà, ohun kẹta kan wà tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa: ipasẹ̀. Ohun tí a fẹ́ bi ara wa nínú àròkọ yìí ni bí ipasẹ̀ ti lágbára tó. Nígbà tí ipasẹ̀ bá kéré débi pé ojú kò lè rí i, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá wa kà á, ṣé ó tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀mí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí ló ń fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó bá gbà kọjá. Ẹja ń fi ìpẹ́ àti ọ̀rinrin ara rẹ̀ sínú omi, eku ń tọ̀ sílẹ̀, ẹyẹ ń gbọn ìyẹ́ dànù, ejò ń bọ́ awọ. Nínú àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí ni ADN wà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ ìran ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sí, tí kò rí bákan náà láti ẹ̀yà kan sí òmíràn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a bu omi odò tàbí kí wọ́n bu erùpẹ̀. Wọn a fi asẹ́ tó kúnná gan-an sẹ́ ẹ. Wọn a yọ ADN tó bá wà nínú rẹ̀. Wọn a fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó lè ṣeé kà. Lẹ́yìn náà wọn a fi í wé àkójọ ADN àwọn ẹ̀dá tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ADN àyíká nìyí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ lédè Faransé sí ADN environnemental.

Ní ọdún 2008, àwọn olùṣèwádìí kan ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé omi adágún nìkan tó láti fi mọ̀ bóyá àkèré ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbé inú rẹ̀. Àkèré yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ènìyàn ló gbé e dé, ó sì ń jẹ àwọn àkèré onílé. Kí ìmọ̀ yìí tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó wà ní láti jókòó létí omi lóru, kí ó máa tẹ́tí sí igbe rẹ̀. Nísinsìnyí, omi tí kò kún ife ń sọ ohun tí etí kò gbọ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé erékùṣù ni ìbéèrè wa ti le jù? Ìdí ni pé òkun tó yí erékùṣù ká ti jẹ́ odi fún un láti ayébáyé. Ẹyẹ tó bá ti ń gbé ibi tí kò sí eku, tí kò sí ejò, tí kò sí ológbò fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, a gbàgbé bí a ti ń sá. Òmíràn tilẹ̀ gbàgbé bí a ti ń fò, ilẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé àtọ̀húnrìnwá ẹlẹ́yín mímú dé ibẹ̀, ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ló bá.

Ẹ jẹ́ kí a wo Guam, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì. Ejò kan tó máa ń gun igi bá ẹrù ọkọ̀ débẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ẹyẹ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, láti gúúsù lọ sí àríwá, àwọn ènìyàn sì ń wá ìdí rẹ̀ nínú àrùn àti nínú oògùn apakòkòrò. Ọdún 1987 ni Julie Savidge, olùṣèwádìí ará Amẹ́ríkà, tẹ ẹ̀rí jáde pé ejò náà ni. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹyẹ igbó tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà ti lọ. Ọ̀gbọ́n ni láti má ṣe fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni láìsí ẹ̀rí. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rí yóò fi pé, kò sí ẹni tí a lè fi gbà sílẹ̀ mọ́.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nìú Sílándì. Àwọn olùṣèwádìí níbẹ̀ fẹ́ mọ bó ti ṣòro tó láti mú eku kan ṣoṣo tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Ní ọdún 2004, wọ́n fọwọ́ ara wọn tú akọ eku kan sílẹ̀ ní Motuhoropapa, erékùṣù kékeré tí kò tó hẹ́kítà mẹ́wàá, tí eku kankan kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti so ẹ̀rọ rédíò mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n dẹ pańpẹ́, wọ́n fi oúnjẹ tàn án, wọ́n mú ajá wá. Eku kò ṣeé mú. Nígbà tó yá, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ti lúwẹ̀ẹ́ nǹkan bí 400 mítà nínú òkun gbangba lọ sí Otata, erékùṣù mìíràn. Ìgbẹ́ eku tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, ADN inú rẹ̀ sì fi hàn pé eku kan náà ni. Ọ̀sẹ̀ 18 kọjá kí pańpẹ́ tí wọ́n fi ẹran ẹyẹ pẹ́ńgúìnì sí tó mú un.

Eku kan péré, tí a mọ ọjọ́ tó dé, tí a mọ ibi tó gúnlẹ̀ sí, ló fún àwọn amòye ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Kí ni a ó wá sọ nípa èyí tó bá fara pamọ́ sínú ẹrù, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ti sọ̀kalẹ̀? Bó bá jẹ́ abo tó lóyún ni ńkọ́? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ẹni tó bá mọ̀ pé eku wà nígbà tó jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan ni yóò pa. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ojú bá rí wọn ní gbogbo ibi, yóò ní láti gbé hẹlikópítà wá fọ́n májèlé sórí odindi erékùṣù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni yóò sì pa, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ tó bá jẹ nínú májèlé náà. Nítorí náà, àwọn tó rò pé fífi ipasẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ́ ìwà ìkánjú ní láti ro ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ipasẹ̀ tí a tètè kà lè dín ikú kù.

Èyí ni apá kan ọ̀rọ̀ náà. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ apá kejì.

Nítòsí ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ ti ṣe odi iná mànàmáná sínú omi, kí àwọn ẹja ńlá kan tí a kó wá láti Éṣíà má bàa wọ inú àwọn adágún ńlá. Ní ọdún 2009, ADN àwọn ẹja náà fara hàn nítòsí odi yìí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa iná odi náà láti tún un ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n da májèlé sínú omi ibẹ̀ fún bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹja kú. Nínú gbogbo òkú tí wọ́n kó, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú irú àwọn tí wọ́n ń wá. Àwọn kan wí pé bóyá ẹyẹ ló jẹ ẹja níbòmíràn tó wá yàgbẹ́ sínú omi náà. Àwọn kan ní bóyá ìdí ọkọ̀ ló gbé ADN wá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, apẹja kan mú ọ̀kan láàyè nínú adágún Calumet, ní òdìkejì odi. Ìtàn yìí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni pátápátá. Kò sọ pé ipasẹ̀ ń purọ́, kò sì sọ pé ó tó láti fi dájọ́. Ohun tó sọ ni pé ipasẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí ó má sì sọ fún wa iye tó kọjá, ọjọ́ tó kọjá, tàbí bóyá ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè.

Ìdákẹ́jẹ́ omi náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Oòrùn àti ooru ń ba ADN jẹ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó lè pòórá, àti pé ẹ̀dá tí kò pọ̀ kì í fi púpọ̀ sílẹ̀. Ní erékùṣù Gough, ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, àwọn èkúté tí ọkọ̀ gbé dé láyé àtijọ́ ń jẹ ọmọ ẹyẹ òkun tí a ń pè ní albatros láàyè nínú ìtẹ́. Ní ọdún 2021, wọ́n fi hẹlikópítà fọ́n májèlé ká gbogbo ibẹ̀. Ìrètí pọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀rọ ayàwòrán rí èkúté kan tó ń rìn lọ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àìrí kì í ṣe àìsí, yálà ojú ni kò rí i tàbí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kéde pé ilẹ̀ ti mọ́ nítorí pé omi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi ìsinmi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí a dé yìí ni ó yẹ kí a ti bi ara wa léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìdájọ́ gan-an ló yẹ ká máa lò. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ṣé eku ló ṣẹ̀? Eku kò mọ̀ pé erékùṣù ni òun dé. Kò wọ ọkọ̀ láti lọ ba ilẹ̀ ẹlòmíràn jẹ́. Ó jẹun bí ìyá rẹ̀ ti ń jẹun. Ènìyàn ló kan ọkọ̀, ènìyàn ló kó ẹrù, ènìyàn ni kò wo inú ẹrù. Bó bá jẹ́ pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni ikú eku, a jẹ́ pé ìka tí kò ṣẹ̀ ni a ń gé. A kò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dá irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láre.

Ohun mìíràn tí a lè pè é ni àtúnṣe: ẹni tó da omi ẹlòmíràn rú ní ojúṣe láti jẹ́ kí ó tòrò. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni èrò wa yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, a kò nílò láti kórìíra ohun tí a ń pa, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ikú rẹ̀ ṣe eré. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó gbé àtọ̀húnrìnwá dé ló yẹ kí ó ru ẹrù ìwádìí. Bí iyèméjì bá wà, kì í ṣe ẹ̀dá ilẹ̀ náà ló yẹ kó fi ẹ̀mí san owó rẹ̀. Ènìyàn ló yẹ kó fi àkókò, owó àti sùúrù san án: kí ó tún bu omi, kí ó tún wá, kí ó tún ṣọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé a bí ẹ̀dá kan ní ọ̀bàyéjẹ́. Ìgbín ńlá kan wà láti ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹbí ìgbín tí a ń fi bọ Ọbàtálá nílẹ̀ wa. Ènìyàn gbé e dé àwọn erékùṣù Pàsífíìkì, ó sì di ajẹnirun níbẹ̀. Láti lé e lọ, wọ́n mú ìgbín mìíràn tí ń jẹ ìgbín wá láti Amẹ́ríkà, ó dé Tahiti ní ọdún 1974, ó sì dé Moorea ní ọdún 1977. Ìgbín ajẹ̀gbín yìí kọjú sí àwọn ìgbín kéékèèké onílé tí a ń pè ní Partula, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ìkarahun wọn ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yà Partula méjèèje tó wà ní Moorea ti pòórá nínú igbó. Àwọn díẹ̀ tí a ti kó lọ sí ọgbà ẹranko lókè òkun ni kò jẹ́ kí gbogbo wọn run. Àwọn tó ṣe èyí mọ ohun tí wọ́n kórìíra. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja àrọ̀ wa, tí a fi ń se ọbẹ̀ láti Kétu dé Pòtò-Nóvò. Nígbà tí wọ́n kó o lọ sí Kúbà láti sìn ín, ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, ó jáde nínú adágún ọ̀sìn, ó wọ odò, ó sì di ìdààmú fún àwọn ẹja ibẹ̀. Ohun kan náà tó jẹ́ ìbùkún lágbàlá wa di àjálù lágbàlá àwọn ọmọ ìyá wa lókè òkun. Ibi tí ẹ̀dá wà ló ń sọ ọ́ di onílé tàbí apanirun, kì í ṣe àbùkù inú rẹ̀.

Àwa náà mọ ìhà kejì. Ewéko orí omi tí àwọn Faransé ń pè ní jacinthe d'eau wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń bo adágún Nokoué àti ọ̀sà Pòtò-Nóvò nígbà tí omi kò bá níyọ̀, ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fún apẹja ní ìṣòro. Nínú ohun tí wọ́n fi gbógun tì í ni kòkòrò kékeré kan tó ti ilẹ̀ ewéko náà gan-an wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú kòkòrò yìí sílẹ̀, wọ́n dán an wò láti rí i dájú pé kì yóò yà lọ jẹ irúgbìn àgbẹ̀. Ẹ fi èyí wé ti Moorea. Níbi méjèèjì, àjèjì ni wọ́n fi lé àjèjì. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ènìyàn fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn olùṣèwádìí kan láti Yunifásítì Florida, tí wọ́n ti ń fi ADN àyíká wá ìjàpá òkun, sọ pé ADN ènìyàn wà nínú àwọn ohun tí wọ́n bù, àti pé ó ṣeé kà dáadáa. Wọ́n rí i nínú omi, wọ́n sì rí i nínú ipasẹ̀ ènìyàn lórí iyanrìn etíkun. Ẹni tó kọjá lọ kò mọ̀ pé òun fi ìran òun sílẹ̀. Nítorí náà, asẹ́ tí ń wá eku lè gbé ohun tí a kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bu omi ọ̀sà wa, ó tọ́ kí ó kí àwọn tó ni etí omi, kí ó sọ ohun tó ń wá, kí ó sọ ohun tí yóò ṣe sí ohun tí kò wá ṣùgbọ́n tó rí. Ìwà ọmọlúàbí nìyí, kò sì ní kí ìmọ̀ má tẹ̀síwájú.

Kí ni ìdáhùn wa, nígbà náà? A gbà pé ipasẹ̀ tó láti mú wa dìde, ṣùgbọ́n kò tó láti mú wa pa. Nígbà tí omi bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a tún un bù níbòmíràn àti lọ́jọ́ mìíràn. Kí a sẹ́ omi tí a mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí a lè mọ̀ bóyá ọwọ́ wa ló dọ̀tí. Kí ilé àyẹ̀wò kejì kà á láìmọ ohun tí ti àkọ́kọ́ sọ. Pańpẹ́, ajá àti ẹ̀rọ ayàwòrán ṣeé lò lórí ìfura, nítorí pé a lè dá wọn dúró. Májèlé tí ń pa tonílé tàlejò kò ṣeé dá padà. Òun ni ó yẹ kó dúró de ẹ̀rí tó ju ipasẹ̀ lọ. Bí ohun tí a fẹ́ ṣe kò bá ti ṣeé tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tí a óò béèrè gbọ́dọ̀ wúwo tó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ óò máa lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, iṣẹ́ ọdẹ ni ẹ ń kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé àyẹ̀wò ni ẹ jókòó sí. Ọdẹ tó dáńtọ́ a tọ ipasẹ̀ títí yóò fi rí ẹlẹ́sẹ̀. Kì í yìnbọn sí koríko tó tẹ̀.